Ta Ló Fẹ́ Gbọ́kọ̀ Sẹ́yìnkùlé Wa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá nítorí pé dátà ti wọ́n jù, ẹ kú ọgbọ́n. Ètò ìtàn wa ti òní, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì ni.

Olùgbọ́ wa kan láti Ọ̀fà ló fà á. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ní òun jí láàárọ̀ Sátidé kan, òun sì bá èèkàn tí wọ́n kùn lọ́dà pupa lẹ́yìn ilé tí òun háyà, ọ̀kan nídìí kànga, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí màmá onílé máa ń sá ẹ̀lùbọ́ sí. Wọ́n bi ọmọkùnrin tó ń gbé okùn ìwọnlẹ̀ kiri, ó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí ló fẹ́ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpàdé. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà torí n kò tíì gbọ́ tẹnu wọn, ẹ má sì bi mí. Ìbéèrè méjì ni arábìnrin yìí béèrè. Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é látijọ́ nìyẹn?

Ìbéèrè àkọ́kọ́, òfin ló ni ín, a ó dé ibẹ̀. Èkejì ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ìdí rẹ̀, torí àwa tí a dàgbà nítòsí géètì ilé ìwé gíga, a mọ bó ṣe máa ń rí. Ògiri ilé ìwé á sún síwájú, kò sì ní sẹ́ni tó máa rántí ọjọ́ tó sún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn nǹkan náà wò. Pulọ́ọ̀tì ilé kan lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ìyẹn tó nǹkan bíi 465 mítà onígun mẹ́rin. Ìdílé kan lè kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí i, kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì tún rí ibi gbin ewédú sẹ́yìn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, bí ẹ bá ka ibi tó dúró sí pọ̀ mọ́ ọ̀nà tí yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò ti yí padà, ń fẹ́ mítà onígun mẹ́rin 25 sí 30. Pulọ́ọ̀tì kan kò wá gbà ju ọkọ̀ 16 lọ tàbí kó fi díẹ̀ lé. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń wá àyè fún ọkọ̀ 200, pulọ́ọ̀tì 13 ló ń wá. Lójú pọ́nńbélé, àdúgbò kékeré kan nìyẹn.

Òjò ńkọ́? Tí koríko bá wà níbẹ̀, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú omi. Tí wọ́n bá da kọnkéré sí i, tàbí íńtálọ́ọ̀kì tó ti di àṣà báyìí, omi kò fi bẹ́ẹ̀ ríbi wọlẹ̀ mọ́. Pulọ́ọ̀tì 13 tó nǹkan bíi 6,000 mítà onígun mẹ́rin. Òjò kan ṣoṣo tó ga tó ínṣì kan, irú èyí tó máa ń rọ̀ lóṣù Kẹsàn-án, á da 150,000 lítà sórí rẹ̀. Ẹ fojú inú wo táńkà omi tó ń gba 10,000 lítà. Kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tò tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n tú gbogbo omi wọn sínú gọ́tà àdúgbò kan láàárín wákàtí kan. Gọ́tà tí ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti dí tẹ́lẹ̀ o.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ tí ẹnì kan bá sọ pé, "Ibi ìgbọ́kọ̀sí lásán ni."

Ìtàn wá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n wà nígbà náà, nínú ilé ìwòsàn tí àwọn sójà ti lò nígbà ogun àgbáyé kejì. Kenneth Mellanby ni ọ̀gá àgbà wọn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, Arthur Creech Jones, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí, wá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ níbi tí ọgbà náà wà títí dòní. Ilẹ̀ yẹn lé ní 1,000 hẹ́kítà. Tọkọtaya ayàwòrán ilé láti Lọ́ńdọ́nù, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya ọgbà náà.

Ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n yà. Ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà pọ̀ lójú kan, pẹ̀lú ihò atẹ́gùn lára ògiri kí ooru má baà pa wọ́n. Ilé àwọn olùkọ́ wá tú ká sáàárín igi, kálukú pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀ àti ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa sùn. Ọkọ̀ jẹ́ ti olùkọ́, púpọ̀ nínú olùkọ́ sì jẹ́ òyìnbó. Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹsẹ̀ méjì, tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere tí bàbá rẹ̀ bá rí jẹ. Ìyá tó máa ta ẹ̀bà fún wọn, ẹni tó máa gẹ irun wọn, awakọ̀ tó máa gbé wọn láti ìlú wá, àwọn yẹn kò sí nínú àwòrán rárá. Wọ́n kúkú wá. Lódìkejì géètì ni wọ́n dúró sí, a sì mọ orúkọ ibẹ̀ lónìí: Agbowó. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kẹ́ ẹ wo iye ọkọ̀ tó ń dúró gbé èrò lójú títì. Gbogbo wọn ló wà lóde ògiri. Fry àti Drew kò ya àyè kankan fún wọn.

Ifẹ̀ ló gbìyànjú jù, lérò tèmi. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó di oṣù Kìíní 1967 kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé Bauhaus ní Jámánì, ló darí ètò ọgbà náà. Àárín ọgbà yẹn, ẹsẹ̀ ló ṣe é fún. Ẹ lè rìn láti ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi dé gbọ̀ngàn Oòduà láìsí pé ọkọ̀ kankan fun fèrè lé yín lórí. Ọ̀nà ọkọ̀ yí ẹ̀yìn ká, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà létí. Ó dára púpọ̀, mo sọ ọ́, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un ṣeé ṣe ni ilẹ̀: ó ju 11,000 hẹ́kítà lọ. Láti géètì, ẹ óò kọ́kọ́ wakọ̀ lórí Road 1 fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó rí kíláàsì kankan. Aládùúgbò tí ariwo ọkọ̀ olùkọ́ máa jí lójú oorun kò sí níbẹ̀. Ta ló ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀fà?

Mo tún fẹ́ fi èyí há a, ẹ̀yin ọmọ Ifẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Anglo-Moz, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà láàárín ilé gbígbé Angola àti ti Mozambique, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ọ́ di ibi ìpàdé àti ibi àríyá. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò kún, èèyàn á wá nǹkan ṣe sí i.

Angola àti Mozambique yẹn gbòmìnira lọ́wọ́ Potogí ní 1975. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn, nítorí òun gan-an ni ọdún tí ọkọ̀ ya wọ inú ọgbà ilé ìwé wa.

Ohun mẹ́ta ló pàdé. Ìgbìmọ̀ Údójì ti dámọ̀ràn owó oṣù tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, owó ẹ̀yìn tí wọ́n san bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn èèyàn ní 1975. Ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín léèrè nípa owó Údójì, ẹ óò rí i bí ojú wọn ṣe máa tàn. Ẹ̀kejì, ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa. Peugeot 504 di ọkọ̀ àwọn ọ̀gá, ìjàpá Volkswagen di ti olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀yáwó ọkọ̀. Ẹ̀kẹta, ìjọba Murtala Muhammed dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ.

Ìlọrin kò ní ọgbà tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìpínlẹ̀ Kwara ló fara pamọ́ sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 200 àkọ́kọ́ sì dé ní oṣù Kẹwàá 1976. Nígbà tó di 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí ọgbà ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ tí wọ́n ń ka sí 15,000 hẹ́kítà. Ilẹ̀ kún ibẹ̀ bámú. Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀nà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríbi sùn nínú ọgbà ló lọ háyà ní Tanke, kí wọ́n lè sún mọ́ ojú ọ̀nà. Tanke, tí wọ́n ti ń roko tẹ́lẹ̀, di ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé pọ̀ sí jù nínú ìlú.

Ẹ wo orúkọ tí ibùdókọ̀ kan ń jẹ́ níbẹ̀: Típà Gáréèjì. Orúkọ náà sọ fún yín fúnra rẹ̀ pé ibi tí ọkọ̀ típà tó ń kó yanrìn àti òkúta máa ń dúró sí ni. Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń ta ṣáwámà àti fóònù ni. Ayàwòrán ìlú kankan kò jókòó yà á. Ọkọ̀ dúró síbẹ̀, èèyàn bá ọkọ̀ lọ, ọjà bá èèyàn lọ, ilé bá ọjà lọ. N kò sọ pé ó burú o. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ẹ bá fi àyè fún ọkọ̀ níbì kan, ẹ ti pinnu ohun tí àdúgbò yẹn máa dà ní ogún ọdún sí i, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀.

Owó Údójì tán. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì fò kọjá apá olùkọ́ fásitì. Tòkúnbọ̀ ló kù. Fún àwọn tí tòkúnbọ̀ pàápàá wọ́n fún, ọ̀kadà dé. Orúkọ yẹn wá láti ara Okada Air, ọkọ̀ òfuurufú Gabriel Igbinedion tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Àwọn èèyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n ní alùpùpù náà ń fò lójú títì bí ọkọ̀ òfuurufú. Okada ni orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Edo. Ìlú yẹn kan náà ló ní ọ̀kan nínú fásitì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ ní Nàìjíríà ní 1999. Ìlú tí a fi orúkọ rẹ̀ pe alùpùpù ló wá ní fásitì, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọgbà fásitì wa lónìí ló fòfin de ọ̀kadà pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Bí wọn kò bá jẹ́ kó wọlé, ibo ló máa dúró? Ẹnu géètì ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, lórí gọ́tà ẹlòmíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀fà.

Ọ̀fà kì í ṣe ìlú tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ojú irin tó kúrò ní Èkó gba Ọ̀fà kọjá kó tó dé Jẹ́bbà ní 1909. Láti ìgbà yẹn ni ìlú ti ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó ń lọ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ọ̀fà yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn àti Ifẹ̀, wọn kò kọ́ wa nílé ìwé. Ọ̀fà wà ní agbègbè Ìlọrin, Gẹ̀ẹ́sì sì ka Ìlọrin mọ́ Àríwá. Ní 1910, wọ́n ṣe òfin kan fún ilẹ̀ Àríwá, wọ́n tún un ṣe ní 1916, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Òfin 1962 tí ìjọba Àríwá fúnra rẹ̀ ṣe ṣì fi ilẹ̀ náà sábẹ́ àkóso ìjọba.

Kí ni ìyẹn jásí? Ẹ mú Ìkìrun àti Ọ̀fà, ìlú méjì tí kò jìnnà síra, Yorùbá pọ́nńbélé ni wọ́n. Ní Ìkìrun, olórí ẹbí ń pín ilẹ̀, ilé ẹjọ́ sì gbà pé ẹbí ló ni ín. Ní Ọ̀fà, olórí ẹbí ń pín ilẹ̀ bákan náà, wọ́n ń pa obì, wọ́n ń mu ẹmu lé e lórí, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba, ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink jókòó ní 1957 sí 1958, àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kabba ní àwọn fẹ́ bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ náà kò yí ààlà. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ báyìí rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ara ohun tó wà nínú ẹjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó lè wá kan èèkàn mọ́ ẹ̀yìnkùlé yín.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ọbásanjọ́, ní oṣù Kẹta 1978, gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà rẹ̀. Ìbàdàn, Ìkìrun àti Ifẹ̀ pariwo. Ní Ọ̀fà, ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti bí ọdún méjìdínláàádọ́rin ni.

Ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, Federal Polytechnic, sílẹ̀ ní Ọ̀fà. Ní 2015, ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Èkó láti 1923, gba ìwé àṣẹ fún Summit University ní Ọ̀fà kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn tún wà nílùú. Ọmọ ìlú fẹ́ wọn, èmi náà fẹ́ wọn. Owó ilé wọlé fún onílé, alátà ń tà. Ẹ kàn ka ọkọ̀ tó bá wọn dé.

Ọdún 1992 yẹn ló ní nǹkan mìíràn nínú. Ní oṣù Kejìlá rẹ̀, ìjọba ológun gbé òfin méjì jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan síra. Òfin kẹrìndínláàádọ́rùn-ún sọ pé kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kejìdínláàádọ́rùn-ún, ti ètò ìlú, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan, ìbáà ṣe aládàáni, ìbáà ṣe ìjọba, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n sì dájọ́ ní 2003 pé ètò ìlú jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò ìlú ní ìpínlẹ̀ Kwara ni kí ẹ wá lọ bi léèrè.

Arábìnrin wa, ìdáhùn rẹ rèé, fetí sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kò lágbára láti gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń gbé okùn ìwọnlẹ̀ kò ní in pẹ̀lú. Òfin 1978 sọ pé gómìnà ló lè gba ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ padà, tí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe bá jẹ́ fún gbogbo ìlú. Òótọ́ ni pé òfin ka ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mọ́ ọn. Síbẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ wá, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni, ọ̀rọ̀ tún le sí i, torí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 1991, nínú ẹjọ́ Osho pẹ̀lú Foreign Finance Corporation, pé wọn kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kí wọ́n sì gbé e fún aládàáni mìíràn. Èèkàn pupa láìsí ìwé, awọnlẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò tíì di nǹkan kan.

Owó gbà-má-bínú wá ńkọ́? Ibí yìí ló máa ń dun àwọn èèyàn jù. Fún ilé, wọ́n á ṣírò iye tí yóò ná èèyàn láti kọ́ irú rẹ̀, wọ́n á yọ ti ogbó kúrò. Fún irúgbìn, ọ̀dùnkún tí a mọ Ọ̀fà mọ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á san iye rẹ̀. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni wọ́n á dá padà. Ọ̀pọ̀ onílé ni kò san irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ayálégbé tí kò kọ́ ohunkóhun tirẹ̀ sórí ilẹ̀ náà, bíi tìrẹ, òfin kò ní nǹkan kan fún un, bẹ́ẹ̀ ayálégbé ló pọ̀ jù láyìíká ilé ẹ̀kọ́ gíga wa gbogbo. Nítorí náà, ya fọ́tò kànga yẹn, ya ti èèkàn pẹ̀lú, kí déètì hàn lórí rẹ̀, kí màmá onílé sì wá ìwé ìwọnlẹ̀ rẹ̀ jáde nínú àpótí. Kí àwọn onílé àdúgbò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo papọ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ àti sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù.

Kí wọ́n sì béèrè nínú lẹ́tà náà pé ọkọ̀ ta ni? Nínú gbogbo ìtàn tí mo kà yìí, mo rí ibi tí ìjọba ti bá àwọn ìlú sọ̀rọ̀ ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sọ ọ́ tán. N kò rí ibì kan tí wọ́n ti pe aládùúgbò jókòó pé, "Iye ọkọ̀ báyìí ló ń bọ̀, ibi báyìí ni wọ́n máa gbà, ibi báyìí ni omi máa ṣàn sí." Ilẹ̀ nìkan ni wọ́n máa ń bá èèyàn sọ, ohun tó máa dúró lórí ilẹ̀ kì í jáde lẹ́nu wọn.

Donald Shoup, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní UCLA ní Kalifóníà nígbà náà, kọ ìwé gbàǹgbà kan lórí èyí ní 2005. Àlàyé rẹ̀ kò le: ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tí kò ní ọkọ̀ ń bá wọn san nínú rẹ̀. Ìlú Buffalo ní Amẹ́ríkà gbọ́ ọ, wọ́n fagi lé òfin wọn ní 2017, èyí tó ń fipá mú ẹni tó bá kọ́ ilé láti fi àyè ọkọ̀ sílẹ̀. Àwa kò tiẹ̀ ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tí à ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n a ti ń san owó rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀fà tó gun ọ̀kadà wá láti Òwòdé ń san án, tó bá sọ̀kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu géètì, tí ó sì ń wo àwọn ìlà funfun tí wọ́n yà sórí íńtálọ́ọ̀kì lẹ́yìn ògiri.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ èrò tèmi, kí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó mú pulọ́ọ̀tì 13 lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, kó kọ́kọ́ ka iye ọkọ̀ tó ń wọlé lóòótọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, lówùúrọ̀ Mọ́ńdé àti lọ́sàn-án Ẹtì. Kó ka ọ̀kadà àti Márúwá pẹ̀lú. Àyè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gba alùpùpù márùn-ún dáadáa. Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá tó ń gba èèyàn méjìdínlógún, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìlú àti ọgbà, lè kó òṣìṣẹ́ 180 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀ sì tó wọn sùn. Tí wọ́n bá tún ní dandan ni kí ọkọ̀ 200 dúró, kí wọ́n fi í sínú ọgbà tiwọn, kí koríko wà láàárín òkúta, kí wọ́n gbẹ́ ibi tí omi máa dúró sí kó tó wọ gọ́tà aládùúgbò, kí iná rẹ̀ má sì kọjú sí yàrá ẹnikẹ́ni.

Wọ́n á ní owó bọ́ọ̀sì pọ̀. Kí wọ́n gbé iye kọnkéré jáde ká fi wéra, ní gbangba, níwájú àwọn onílé, pẹ̀lú awọnlẹ̀ tó kan èèkàn níjókòó.

Ibí ni a ó ti dúró lónìí. Tí èèkàn bá wà lẹ́yìn ilé tiyín náà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú irin ni a ó bá lọ, láti Òṣogbo dé Jẹ́bbà, a ó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.